Bátìrì wo ni kí n rà sí Corolla mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbàdàn ni mo ti ń wa Corolla 2005. Láràárọ̀, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́kẹ́kẹ́ lásán ló ń dún, àfi ká tì í. Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wọn bátìrì náà: 11.8V kí ọkọ̀ tó ṣíná, 14.1V lẹ́yìn tó ṣíná, torí náà ọtanétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì kọ́ ló níṣòro. Mo ti fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí funfun orí bátìrì náà, pàbó ló já sí. Tòkunbọ̀ ò wù mí rárá, ta ló mọ ibi tó ti ń bọ̀? 60Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà dúró) ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ní 75Ah ló dáa, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ṣé 75Ah yẹn wúlò fún mi, àbí kí n ra 60Ah tuntun? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.