Ẹ̀yin tó ń rìn àti ẹ̀yin tó ń sáré, kí ni ẹsẹ̀ yín fojú rí?

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí àwọn tó mọ̀ mí ní Bódìjà ti rí mi níbi tí mo ti ń tiro, oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n sì ń pa mọ́ mi.

Ọmọ ọdún 44 ni mí. Orí àga ni iṣẹ́ mi wà, àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, dókítà wo ìwé, ó wo ikùn mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa lo ara yín." Ó tán. Kò ní kí n sáré, kò ní kí n rìn. Èmi ni mo fi eré kún un.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ń múra de Lagos City Marathon, kìlómítà 10 ni wọ́n fẹ́ sá níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ dán kìlómítà 42 tí í ṣe odindi wò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń sáré. Mo bá wọn jáde láàárọ̀ Sátidé kan, aago márùn-ún ààbọ̀, lẹ́bàá pápá ìṣeré Awólọ́wọ̀, èyí tí àwa kan ṣì ń pè ní Liberty. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọlọ́jọ́ ti dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èémí mi ti ń rọlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ń bá wọn tàkúrọ̀sọ lórí eré. Ni mo bá gbà pé mo ti padà di ọ̀dọ́. Mo kúrò lórí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo fò lọ sí márùn-ún. Bàtà ńkọ́? Kánfáàsì òkìríkà láti Dùgbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀, ó le gbagidi bíi pákó.

Ojúgun ọ̀tún ló kọ́kọ́ ké gbàjarè, ní apá inú, nísàlẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ eré, á máa dùn mí; bí ara bá gbóná, á lọ. Mo ń fi róòbù pa á, mo ń sá eré mi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò lọ mọ́. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, irin ni mo ń dì mú. Lóru, mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń ta mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá fi omi gbígbóná àti òrí ra á, ó fi gbogbo agbára fà á. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọdé wá ń yọjú lójú fèrèsé. Ilẹ̀ mọ́, n ò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. N ò bú àwọn baba wa o, wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ojúgun mi kò wá ẹni tí yóò fà á lọ́jọ́ yẹn.

Onífísíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́wọ́ tún ara ṣe ní ọsibítù, tí mo wá padà lọ bá, ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, ìka kan péré ló fi yẹ̀ mí wò. Ó ń tẹ ojúgun náà láti òkè bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀pá omi ti ń jò. Ó ní bí ìrora bá tẹ́ lọ gbọọrọ lójú ojúgun, ara ibẹ̀ ló ń bínú; ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí ìka kan lè bò ó, kí á fura pé eegun ti ń sán. Ojú kan ni tèmi. X-ray kò fi nǹkan kan hàn, ó ní bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀, pé kí n ṣe bí ẹni tí eegun rẹ̀ sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìsáré.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi: "Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ iṣẹ́. Eegun kì í tètè mọ̀ ọ́n. Ibi tí èémí yín bá dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù ló máa gba eegun yín láti dé ibẹ̀." Ó ní tí èèyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan á ṣáà wà nílẹ̀, ẹrù tó ń bọ́ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n ara ẹni lọ. Tó bá jẹ́ eré, gbogbo ara ló ń kúrò nílẹ̀, tí a bá sì balẹ̀, ó ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Kílò 96 ni mí nígbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin sí mẹ́fà, lórí ẹsẹ̀ kan, nínú bàtà òkìríkà.

Ìrìn ni mò ń rìn báyìí. Ṣé kí n padà sídìí eré ni, àbí kí n jókòó ti ìrìn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni kí ẹ sọ, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ka ìwé tó.

Ìyá Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu ẹsẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ọlọ́run á fún eegun lókun. Èmi ò sáré rí láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé, àfi tí òjò bá ṣú lórí aṣọ tí mo sá. Ẹni ọdún 58 ni mí, ìrìn ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìrìn kì í ṣeni léṣe.

Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní 10,000 lójúmọ́. Mo gbà á bí òfin. Tí mo bá ti Ìtòkú dé lálẹ́ tó ku 3,000, n ó máa yí ilé ká lórí kọnkéré, pẹ̀lú sílípáàsì pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Láàárín oṣù méjì, gìgísẹ̀ òsì dá mi dúró. Láàárọ̀, tí mo bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, àfi bí ẹni tẹ ìṣó. Tí mo bá rìn díẹ̀, á dẹ̀. Tí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan tí mo tún dìde, ó tún dé.

Wọ́n ní iṣan pẹlẹbẹ tó ti gìgísẹ̀ na dé ìdí ọmọ ìka ló bínú. Mo gba omi kún ike kékeré, mo jù ú sínú fírísà, n ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lórí ilẹ̀ tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, n ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo dẹ́kun sílípáàsì pẹlẹbẹ, kódà nínú ilé. Oṣù mẹ́rin gbáko kó tó lọ.

Ohun tó wá bí mi nínú ni ìgbà tí ọmọ mi kan náà sọ fún mi pé orúkọ ọjà ni 10,000 yẹn ti ṣẹ̀. Ní Japan, lọ́dún 1965, ilé iṣẹ́ kan ń ta ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, "òǹkà ìṣísẹ̀ 10,000" ni wọ́n sọ ọ́. Èmi oníṣòwò! Ọjà ni wọ́n fi tà fún mi.

Ní báyìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni èmi àti ìyá méjì ládùúgbò ń rìn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó ti pé 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé ń fẹ́. A kì í ka ìṣísẹ̀ mọ́. A ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá lè kọ orin ní àkọtán, a mọ̀ pé fáàrí ló ń ṣe, a ó ní kó yára.

Ọmọ Súrùlérè

Ẹ ò tíì sọ ti gọ́tà. Ọrùn-ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lórí pákó kọnkéré tó ń mì lójú gọ́tà, ètí mi kún fún orin, n ò gbọ́ bó ṣe ń ró. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbá ẹ̀gbẹ́ títì mú, apá òsì, kí n lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì dagun sí ìhà gọ́tà, ẹsẹ̀ òsì ló ń wà nísàlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìta orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Pápá ilé ìwé kan ni mò ń lò báyìí, mo ń fún géètìmáànù ní owó ẹ̀kọ.

Ará Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, ẹ má yan ọ̀kan, ẹ pa wọ́n pọ̀. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. Ètò Couch to 5K (láti orí àga dé eré kìlómítà 5) tí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń pín ni mo tẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ ó kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ ó sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ péré. Ìyàwó mi rí mi, ó ní ṣé eré nìyí àbí mò ń wá ohun tó sọnù.

Ọ̀sẹ̀ 9 ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀sẹ̀ 17 ló gbà mí. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ní kí èèyàn sá 20 ìṣẹ́jú láìdúró. Èémí mi gbé e, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń fà mí lọ́jọ́ kejì. Mo padà sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, n ò tijú.

Ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa ń lọ sí parkrun, eré àjùmọ̀sá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Burgess Park. Kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn 13 ló sá ti àkọ́kọ́ ní Bushy Park lọ́dún 2004. Ẹ lè rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnì kan tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń so gèlè rìn ín. Ó ti já mi sílẹ̀ rí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀

Ọdún 30 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Àbúrò mi ti Peckham, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná. Kí Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ìrora, nígbà tó ń rìn àti lọ́jọ́ kejì, kí onífísíò rẹ̀ sì yọ̀ǹda, kó tó fẹnu kan eré.

Tó bá dìgbà náà, kó gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Àwọn àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀ eré máa ń fẹ́ na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ fo odò, gìgísẹ̀ á wá máa gbá ilẹ̀. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí. Kó sì máa dúró lórí àtẹ̀gùn kan nílé, kó gbé gìgísẹ̀ sókè, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé eré ló ń jẹ orúnkún tán, n ò bá wọn gbà. Eré níwọ̀nba kì í jẹ ẹ́. Ọ̀rá ni kí wọ́n bá wí: kílò kan tó bá kúrò lára, nǹkan bíi mẹ́rin ló ń fúyẹ́ fún orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni, màmá, ẹ ṣeun, bàbá tíṣà. Mo fara balẹ̀ ṣe bí ẹ ṣe wí. Onífísíò yọ̀ǹda ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Láàárọ̀ yìí, mo sá ìṣẹ́jú kan, mo rìn méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lórí pápá. Kílò 89 ni mí báyìí, bàtà tuntun ni mo wọ̀. Àwọn ìbejì ló ń bá mi wo aago: Kẹ́hìndé ní mo ti ṣe dáadáa, Táyé ní mo rẹ́ òun jẹ, pé ìṣẹ́jú àáyá 52 ni mo sá kẹ́yìn.

Kánfáàsì Dùgbẹ̀ yẹn, mo ti fún ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣán oko ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi sáré o.