Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí 4,294,967,297

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Nọ́mbà yìí ni 2³² + 1. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́ kan, gbà pé prime ni, pé kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 × 6,700,417 ni. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àlàyé tó padà ṣe: prime yòówù tó bá pín in, tí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Nítorí náà, 193, 257, 449 àti 577 nìkan la ó dán wò kí a tó kan 641. Ìyẹn yé mi dáadáa.

Ibi tí mo há sí ni ti Lucas, onímọ̀ ìṣirò tó sọ 64 di 128 ní 1878. Ó wá ku 257 nìkan ṣáájú 641! Mo rí i pé ó nílò nọ́mbà kan tó jẹ́ pé, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì fi prime náà pín in, 2 ni yóò ṣẹ́kù. Kí ló mú un dájú pé irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ wà? Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 641 gan-an ṣàpẹẹrẹ fún mi.