Ṣé mo lè bẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kristẹni kan pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú fún mi?

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ní ìgbà òtútù yìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kristẹni méjì ní Amẹ́ríkà gbà mí wọlé. Èkíní ti sọ iye ìrànlọ́wọ́ tí yóò fún mi, ó sì fẹ́ kí n san owó àsansílẹ̀ tí a fi ń di àyè mú, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Èkejì ni ọkàn mi wà, nítorí pé nígbà tí mo lọ wò ó, mo rí olùkọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbàdúrà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí yìnyín ṣì wà lára bàtà àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ èkejì yìí kò tíì sọ iye ìrànlọ́wọ́ tí yóò fún mi. Mo ti kún fọ́ọ̀mù FAFSA, èyí tí a fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹwàá, lẹ́tà pásítọ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sì ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Sùúrù ni wọ́n ní kí n ṣe.

Ṣé ó bójú mu kí n kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ èkíní pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ náà, tàbí kí n kọ́kọ́ fi ìwé ìrànlọ́wọ́ owó tí wọ́n fún mi han èkejì?