Ààbò àti ìṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ: ọ̀rọ̀ kan kò tó

Ẹ̀yin àgbà nínú èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́, tí ó ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn aránṣọ, dábàá pé kí "ààbò" nìkan dúró fún ohun méjì: kí òṣìṣẹ́ má farapa lẹ́nu iṣẹ́, àti kí olè má kó aṣọ àti ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ní gbólóhùn tí ó yí i ká yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi kò gbà, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí gan-an ni ohun méjèèjì ti máa ń kọlu ara wọn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná jó ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, ènìyàn 146 sì kú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì, nítorí pé àwọn ọ̀gá fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n lè máa tú àpò wọn wò bóyá wọ́n jí nǹkan. Bí ìwé ìlànà bá wá sọ pé "ẹ ti ilẹ̀kùn fún ààbò", ààbò ta ni? Níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí ó ní ilẹ̀kùn kan, tí wọ́n jó irin mọ́ fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wọlé sí ẹ̀gbẹ́ àjákù aṣọ kí olè má baà gbé wọn. Ọjà ti rí ìṣọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó jókòó sí ìpẹ̀kun yàrá, níbi tí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn, kò rí ààbò.

Nítorí náà, kí "ìṣọ́" jẹ́ ti ohun-ìní, kí "ààbò òṣìṣẹ́" sì jẹ́ ti ènìyàn. Ẹlòmíràn mú "àìléwu" wá. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù tí kò léwu, a kò sì gbọdọ̀ kọ ìlérí tí ọ̀gá kankan kò lè mú ṣẹ.

Mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi "àmójútó" rọ́pò "ìṣàkóso" nínú àkọlé ìwé ìlànà náà. "Ìṣàkóso" kò ju àṣẹ pípa lọ; ṣùgbọ́n ní Rana Plaza, ilé alájà púpọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀ ní Savar nítòsí Dhaka, ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, àṣẹ pípa kọ́ ni ohun tí wọ́n ṣàìní. Wọ́n rí i pé ògiri ti sán ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013. Báńkì tí ó wà nínú ilé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ má wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aránṣọ pàṣẹ kí àwọn aránṣọ padà wọlé ní ọjọ́ kejì, ilé náà sì wó pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. Ojú wà nínú "àmójútó": ẹni tí ó ń mójú tó nǹkan gbọ́dọ̀ rí i, kí ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ra aṣọ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lẹ́yìn náà lọ́dún kan náà dá lórí àyẹ̀wò ilé láti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ ọ̀gá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju "ìṣọ́" lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.