Géètì kiniìnì: kí ló dé tí kò fi tàn nínú ásíìdì?

ÒǹkàwéKẹ́mí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi kiniìnì ṣe géètì AND (èyí tó ń fún ni ní èsì 1 nígbà tí ohun méjèèjì tó ń wọlé bá wà nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 0) fún àwọn ọmọ SS3, irú èyí tí onímọ̀ kẹ́místírì de Silva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast gbé jáde lọ́dún 1993: ásíìdì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń wọlé, sódíọ́ọ̀mù ni ìkejì, ìmọ́lẹ̀ sì ni èsì. Mo lọ tábúlẹ́ẹ̀tì kiniìnì 300 mg kan sínú 100 ml HCl 0.1 M, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì UV 395 nm sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ojú tọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì ti hàn. Mo da iyọ̀ sí i, ló bá tún ṣókùnkùn sí i. Kí ló fà á?

Búlúù450:
Ẹ ń fi ọwọ́ kan tan iná, ẹ ń fi ọwọ́ kejì pa á. Lóòótọ́ ni kiniìnì nílò H⁺, àmọ́ kílóráìdì tó bá HCl wọlé ló ń pa ìmọ́lẹ̀ yẹn. Tí iná UV bá bà á, mólékù náà máa ń gbé agbára yẹn mọ́ra fún nǹkan bí 20 nanosecond (ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) kó tó tú u sílẹ̀. Kí àkókò yẹn tó pé, kílóráìdì ti kọlù ú. Iye Stern–Volmer rẹ̀ (tó ń sọ bí kílóráìdì ṣe ń pa ìmọ́lẹ̀ tó) kò jìnnà sí 100 M⁻¹, nítorí náà ní 0.1 M Cl⁻, F₀/F (ìmọ́lẹ̀ láìsí kílóráìdì, tí a fi èyí tó kù nígbà tó wà pín) ti di nǹkan bí 11. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ yín ti lọ kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀ rárá. H₂SO₄ ni kí ẹ lò, sọ́féètì kì í pa á.

Sódíọ́ọ̀mù kò ṣe kiniìnì ní nǹkan kan. Kílóráìdì inú iyọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Géètì yín kì í ṣe AND nígbà náà, INHIBIT ni: ó máa tàn tí H⁺ bá wà tí Cl⁻ kò sì sí.

Kiniìnì yín tún pọ̀ jù. 300 mg nínú 100 ml sún mọ́ 7.7 mM. Ní 350 nm, 1 mM péré ti ń gba gbogbo iná tó wọ ìgò 1 cm, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ojú tọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ti rí i. 10 µM ló dára. Tọ́ọ̀ṣì 395 nm náà kò bá a mu, 365 nm ni kí ẹ wá.

Ìwọ̀nPípé:
Bí ẹ ṣe máa pò ó nìyí. Wọn 39 mg kiniìnì sọ́féètì (èyí tó ní omi méjì nínú) sínú 100 ml omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ (distilled water), kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kó lè yọ́: 1 mM nìyẹn. Mú 5 ml nínú rẹ̀, fi omi kún un dé 100 ml, ó di 50 µM. Tó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ lò, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, torí sítáàṣì àti ohun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ máa ń tú iná ká. Iyọ̀: 2.92 g nínú 100 ml, 0.5 M.

Ásíìdì bátìrì ọkọ̀ máa ń wà láàárín 4.5 sí 5 M. 5 ml rẹ̀ nínú omi, dé 100 ml, á fún yín ní nǹkan bí 0.25 M. Ásíìdì ni kí ẹ dà sínú omi o, ẹ má dà omi sínú ásíìdì, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Ẹ ka ara ìgò náà kí ẹ tó rà á, torí àwọn kan ń pe ásíìdì yẹn ní omi bátìrì, àwọn mìíràn ń fi orúkọ kan náà pe omi lásán tí wọ́n fi ń kún bátìrì.

Ìgò mẹ́rin, 2 ml kiniìnì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi 2 ml ásíìdì sí ìkejì àti ìkẹrin, 2 ml iyọ̀ sí ìkẹta àti ìkẹrin, kí o wá fi omi kún gbogbo wọn dé 10 ml, kiniìnì inú wọn á wá di 10 µM. Ìkejì nìkan ló máa tàn búlúù dáadáa. Ìkíní kò ní ṣókùnkùn tán: láìsí ásíìdì, kiniìnì ṣì ń tan díẹ̀ níhà 385 nm, ìrù rẹ̀ sì ń dé 450 nm. Ẹ fi ààlà sí ìdá 30 nínú 100 ti ìgò kejì, ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni 0.

ÒǹkàwéKẹ́mí:
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá wá jẹ́ AND gidi ni mo fẹ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ a lè dá ìgò kẹrin padà sí títàn?

Búlúù450:
AND ti 1993 yẹn, mólékù tí wọ́n dìídì kọ́ ni. Apá mẹ́ta ló ní: anthracene ló ń tan ìmọ́lẹ̀, amine kan (apá tó ní náítírójìn) ń gba H⁺, benzo-15-crown-5 (apá tó rí bí òrùka) ń di Na⁺ mú. Tí amine tàbí òrùka yẹn bá ṣófo, ẹlẹ́kítíróònù rẹ̀ á fò sínú anthracene, ìmọ́lẹ̀ á kú. Níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fi NaOH tún pH ṣe, torí Na⁺ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó ń wọlé. Tetramethylammonium hydroxide ni wọ́n ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí iná UV pẹ́ lára rẹ̀ níbi tí ọ́síjìn wà, anthracene máa ń bàjẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ dúró ti INHIBIT.

Ìgò kẹrin: 1 mmol Cl⁻ ló wà nínú 10 ml yẹn, nítorí náà 170 mg AgNO₃ (sílífà náítíréètì) ló máa gbé e jáde bí AgCl (sílífà kílóráìdì) funfun. Ẹ sẹ́ ẹ kíákíá kí ẹ tó wò ó, torí erùpẹ̀ funfun yẹn ń tú iná ká débi pé ẹ ó rò pé géètì ti tàn. Ó tún ń dúdú nínú ìmọ́lẹ̀, AgNO₃ fúnra rẹ̀ sì ń kun ọwọ́ dúdú. Èyí máa ń ná owó o, ìgò kan péré ni kí ẹ dán an wò lára rẹ̀.