Ìfaradà kọ́, àtúnrú ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo rí i pé "ìfaradà" lẹ fi túmọ̀ resilience (kí ọmọ ṣe dáadáa láìka ìṣòro tó bá a sí) nínú ìwé pélébé tí ẹ ń kọ fún àwọn ìyá ìbejì ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lò ó.

Ẹni tó ń fara da ìyà, ìyà náà ṣì wà lára rẹ̀. Bí ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo bá kà á, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kí ọmọ rọ́jú. Bí Táyé bá wá rọ́jú tí Kẹ́hìndé kò lè rọ́jú, ẹ̀bi di ti Kẹ́hìndé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí kọ́ nìyẹn. Ní 2004, Kim-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí ìbejì ọlọ́dún 5 láti ìdílé 1,116 ní England àti Wales. Ọmọ tí ìwà tàbí ọpọlọ rẹ̀ dára ju bí ìṣẹ́ ilé rẹ̀ ì bá ti jẹ́ kó rí ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi ìbejì ẹyin kan, tí jíìnì wọn (ohun àjogúnbá inú ara) jẹ́ ọ̀kan náà, wé ti ẹyin méjì, tí kì í ṣe gbogbo jíìnì ni wọ́n jọ ní: ní ti ìwà, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìyàtọ̀ àárín àwọn ọmọ wá láti inú jíìnì, ní ti ọpọlọ, ìdá 46. (Ìyàtọ̀ àárín àwọn ọmọ ni o, kì í ṣe ìdá 70 ara ọmọ kan.) Ìfẹ́ tí ìyá ń fi hàn náà lọ́wọ́ sí i, àti ohun tí wọ́n ń bá ọmọ ṣe láti là á lójú.

"Àtúnrú" ni mo mú wá. Ẹ gé ewúro dé ìdí, á tún rú. Ẹ gé ọ̀pá méjì lára ewúro kan ṣoṣo, ẹ ri ọ̀kan sẹ́bàá ibi tí a ti ń fọ abọ́, ẹ ri èkejì sínú iyanrìn gbígbẹ. Igi kan náà ni wọ́n, ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ìbejì ẹyin kan gan-an nìyẹn. Bí ọ̀kan bá rọ, ta ló máa bá a wí pé kò rọ́jú? Ilẹ̀ rẹ̀ la máa yẹ̀ wò. Lóòótọ́, ọmọ mìíràn wà tí kò tilẹ̀ rọ rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi kò tíì kájú rẹ̀.

Ní ti "àkúnlẹ̀yàn" tí àbúrò wa ní Ìkòròdú fẹ́ fi rọ́pò jíìnì, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni jíìnì ti ń wá. Orí ńkọ́? Kálukú ló kúnlẹ̀ yan tirẹ̀, ìbá à jẹ́ ìbejì ẹyin kan.

Ẹ̀gbọ́n, kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ jẹ́ ká ka ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ìyá ìbejì mẹ́ta lọ́jà Olúwo, ká bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́.