Ta gan-an ni "olùránṣẹ́"? Ọ̀rọ̀ lórí SPF, àrokò àti òǹtẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní ká máa pe SPF, DKIM àti DMARC, ohun mẹ́ta tí à ń kọ sára dòméènì (orúkọ tó ń tẹ̀lé @ nínú àdírẹ́sì wa) kí ímeèlì wa má baà wọ spam, àpótí lẹ́tà tí a kò fẹ́, ní "àrokò". Àbúrò wa kan ní "ìwé ìdánimọ̀" ló yẹ. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyíkéyìí.

Àrokò dùn lẹ́nu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àrokò fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a rán: ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ti mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan ń fà sí òun. SPF kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka lẹ́tà. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti gbé lẹ́tà wa ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ìdánimọ̀ ńkọ́? Àpò ẹni tó ni ín ló máa ń wà. SPF kò sí lọ́wọ́ ìránṣẹ́ rárá. Inú DNS, ìwé gbangba tí a ń kọ ọ̀rọ̀ nípa dòméènì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà, ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà ló ń lọ wò ó níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Olùránṣẹ́", tí a fi ń túmọ̀ "Sender" inú orúkọ SPF (Sender Policy Framework), gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó rán ni ni àbí ẹni tí a rán? Àwọn baba wa ti yanjú ẹ̀: "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ẹni mẹ́ta ló wà nínú òwe yẹn, ẹni mẹ́ta náà ló sì wà nídìí ímeèlì. Nígbà tí wọ́n gbé SMTP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń gbé ímeèlì fúnra wọn, jáde ní 1982, kò sí ohun tó ń bi ìránṣẹ́ pé ta ló rán ọ. Ẹnikẹ́ni lè dé ẹnu ọ̀nà kó ní, "Ewì, ọba Adó, ló rán mi." Nítorí náà, mo pe SPF ní "ìwé ìránṣẹ́", ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ìránṣẹ́ wa sí. (Nílé wa níbí, uṣẹ́ là ń pe iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn dá yín lágara.)

Ìwé SPF kan ṣoṣo ni dòméènì kan gbọ́dọ̀ ní o, mo jẹ ìyà ẹ̀. Lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń wọ spam lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń lo Gmail. Mo ṣí ọ̀kan, mo tẹ "Show original", mo rí i: SPF: PERMERROR, ìyẹn ni pé àṣìṣe wà nínú ohun tí a kọ fún SPF. Àwọn tó gba wẹ́ẹ̀bù wa sílé ti kọ ìlà v=spf1 kan (bí ìwé SPF ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn) tẹ́lẹ̀; èmi náà kọ òmíràn sábẹ́ ẹ̀. Mo pa méjèèjì pọ̀ sójú ìlà kan, include méjì, tó ń tọ́ka sí àwọn tó ń bá wa gbé lẹ́tà, ~all ní ìparí, pé kí wọ́n fura sí ẹ̀rọ yòókù. Ìyẹn ni n kò ṣe fẹ́ "àkọsílẹ̀" lásán: àkọsílẹ̀ lè pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́.

DKIM, àmì tí ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ń fi sára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, le jù. "Èdìdì" ni mo kọ́kọ́ fẹ́, nítorí bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú lẹ́tà lójú ọ̀nà, ó já nìyẹn. Àwa tí wọ́n kọ́ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, DKIM ò gbà fún wa. Àtúnṣe rere pàápàá, ó ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n èdìdì ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, DKIM kò sì bo nǹkan kan. Lẹ́tà náà ṣì wà ní gbangba. Mo padà sí "òǹtẹ̀". Ẹ ó ní wọ́n ń ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ti DKIM, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí a fi lù ú kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Kọ́kọ́rọ́ gbangba tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ló wà nínú DNS.

DMARC kò gba àríyànjiyàn: "àṣẹ ẹnu ọ̀nà". Òun ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà yóò ṣe sí èyí tí kò yege. None, jẹ́ kó kọjá, kí o ròyìn fún mi. Quarantine, yà á sọ́tọ̀. Reject, má jẹ́ kó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ kan. SPF lè ṣe déédéé fún orúkọ tó wà lára àpòòwé, èyí tí àwọn ẹ̀rọ ń lò láàárín ara wọn, kí orúkọ tí ẹni tó ń kà á rí nínú lẹ́tà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. DMARC ní dandan kí òǹtẹ̀ tàbí àpòòwé bá orúkọ inú lẹ́tà mu. "Ìbáramu" ni mo ń lò fún ìyẹn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.